Oògùn Orí Àjà

Rejoice, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà lójú ọ̀nà tó jáde láti Kábà sí Ògìdì, ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ fún Tiwalọlá pé oògùn a máa kú. Kì í ṣe pé ó pè é jókòó láti kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Ẹniolúwa, ọmọbìnrin Tiwalọlá, ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ náà, tí ojú rẹ̀ wú débi pé ìpéǹpéjú òkè àti ti ìsàlẹ̀ ti pàdé. Wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́, èémí rẹ̀ sì ti ń lọ geerege. Ìgbà náà ni Rejoice wá béèrè ohun tí wọ́n fún ọmọ lò nílé kí wọ́n tó gbé e wá.

Tiwalọlá tú etí ìró rẹ̀, ó sì na díẹ̀ lára oògùn náà sí i.

Rejoice ò gbà á. Ó fà sẹ́yìn, ó yínmú.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń rùn báyìí?"

"Oògùn ara yíyún ni."

"Oògùn wo ló ń rùn bí irú?"

Ó fi ìdí bírò yí hóró náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Hóró tó yẹ kó funfun bí ẹfun ti pọ́n bí eyín ẹni tó ń jẹ obì lójoojúmọ́. Méjì ti lẹ̀ mọ́ra, ìpẹ́ ẹja kan sì gbẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ wọn. Àfi bí ìgbẹ́ ewúrẹ́ tí òjò pa.

"Níbo lẹ ń gbé e sí?"

"Orí àjà ìdáná."

"Orí àjà!" Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Rejoice, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé panla ni? Ẹ gbọ́ o. Ooru a máa pa oògùn. Ọ̀rinrin náà a máa pa á. Bí àwọn méjèèjì bá wá pawọ́ pọ̀ lé e lórí, ó kú nìyẹn, òkú rẹ̀ lẹ sì gbé fún ọmọ jẹ. Ti èyí tilẹ̀ sàn, ojú yín rí i pé ó bàjẹ́. Òmíràn á kú tí àwọ̀ rẹ̀ ò ní yí padà rárá. Ẹ ó máa wò ó pé ẹ ní oògùn nílé, ọjọ́ tí ẹ bá wá a lẹ ó tó mọ̀ pé kò sí ńkankan nínú rẹ̀ mọ́."

Ó tún ọmọ náà bò dáadáa.

"Àti pé bí ètè ọmọ bá ti ń wú, tí èémí ń ṣòro fún un, ẹ má dúró de hóró kankan, ẹ̀ báà ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Ibí ni kí ẹ máa gbé e bọ̀ lójú ẹsẹ̀."

Tiwalọlá wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rántí bí òun ṣe fún ọmọ nímú pọ̀ kó lè gbé e mì. Ọmọ ń ké pé, "Màámi, ó ń rùn, ó ń rùn," òun sì ń sọ pé kó gbé e mì, pé oògùn tó ń rùn ló ń ṣiṣẹ́. Èébì gbé e. Ó sáré jáde sí ẹ̀yìn ilé ìwòsàn, ó sì bì í sí ìdí igi dóńgóyárò.

Ẹni tí kò bá mọ Ìyá Ọbalolúwa kò lè mọ bí oògùn ṣe dé orí àjà. Ìyá ọkọ Tiwalọlá ni. Obìnrin náà ti dàgbà, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dáko, ó ń yan kajú tà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ń se irú nígbà òjò. Ilé ìdáná rẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé jẹ́ ilé alámọ̀ tí wọ́n fi páànù bò. Lókè àdògán mẹ́ta ni wọ́n ti fi ọparun tẹ́ àjà, èéfín ọdún gbọọrọ sì ti sọ ọparun náà di dúdú, ó ń dán bí ẹni fi epo pa á. Orí rẹ̀ ni Ìyá ń kó ohun gbogbo tí kò bá fẹ́ kó bàjẹ́ sí: ìdì àgbàdo tí yóò gbìn, bàrà, ilá gbígbẹ, ẹja.

Kòkòrò kì í dé àjà yẹn. Òkìkí rẹ̀ kàn dé ibi pé àwọn ará àdúgbò ń kó irúgbìn tiwọn wá kí Ìyá bá wọn gbé e sókè. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, wọn á wá gbà á, wọn á bá irúgbìn bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀, wọn á sì kúnlẹ̀ dúpẹ́. Wọ́n máa ń sọ ọ́ lọ́jà pé, "Gbé e fún Ìyá Ọbalolúwa, àjà tirẹ̀ kì í dalẹ̀." Bí Ìyá bá gbọ́ ọ, yóò ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ á gùn díẹ̀ sí i.

Nígbà tí Ọbalolúwa ọmọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀, ra oògùn ara yíyún wálé fún Ẹniolúwa, Ìyá bi í léèrè ibi tí wọ́n ń gbé irú rẹ̀ sí. Ọbalolúwa gbé páálí sójú, ó kà á, ó ní, "Ibi gbígbẹ, Màámi. Wọ́n ní ibi gbígbẹ ni."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ibi gbígbẹ wo ló tún gbẹ ju òkè iná lọ? Ìwé wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ohun tí ìyá mi ti mọ̀."

Bí oògùn ṣe gun àjà nìyẹn. Àwọn ará àdúgbò gbọ́, àwọn náà ń kó tiwọn bọ̀. Ayọ̀kẹ́mi tó ń dirun ní ilé kejì gbé oògùn ikọ́ ọmọ rẹ̀ wá. Àwọn àgbàlagbà gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wá. Ìyá wá agbọ̀n ọ̀tọ̀ fún un, ó sì ń ṣe ìtọ́jú rẹ̀ bí irúgbìn.

Ẹnikẹ́ni ò ro ti oru ìkòkò. Iná tó ń gbẹ àgbàdo náà ló ń hó irú láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, oru rẹ̀ á sì gòkè lọ bá agbọ̀n. Nígbà òjò, omi oru á máa kán láti ara páànù. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì dáná pọ̀, ooru òkè ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn lè na ọwọ́ síbẹ̀ pẹ́. Àgbàdo lè fara da gbogbo ìyẹn. Ẹja lè fara dà á.

Kajú ni ẹ̀hun Ẹniolúwa, ohun tí ara rẹ̀ kọ̀. Ọmọ náà kò gbọdọ̀ fara kan epo èèpo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ gba èéfín rẹ̀ símú nígbà tí wọ́n bá ń yan án. Wọ́n ti mọ èyí tipẹ́, wọ́n sì máa ń gbé e jìnnà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn afẹ́fẹ́ yí padà lójijì, èéfín kajú wọ inú yàrá tọ ọmọ lọ níbi tó ti ń sùn. Ara rẹ̀ lé wọ̀ǹtìwọnti bí ara ẹni tó wọ inú wèrèpè. Ìyá fún un ní hóró kan. Kò rọ̀. Ìyá ní kí Tiwalọlá fi òmíràn kún un. Kò rọ̀. Nígbà tí ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú ni Ayọ̀kẹ́mi yọjú láti bẹ̀ wọ́n wò, ó ní, "Okun o, ará ilé yìí," kò sì dúró gba ìdáhùn. Ó ti rí ọmọ. Igbe ló fi pe ọlọ́kadà.

Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ padà wálé, Tiwalọlá sọ gbogbo ohun tó gbọ́ lẹ́nu Rejoice fún ọkọ rẹ̀ nínú yàrá. Ọbalolúwa ń bọ́ bàtà. Kò yà á lẹ́nu. Ìyẹn ni ó yẹ kí Tiwalọlá kíyè sí, ṣùgbọ́n kò kíyè sí i.

"Mo gbọ́," ni Ọbalolúwa wí. "Ra tuntun, kí o fi sí inú àpótí rẹ níbí. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí Màámi mọ̀. Inú wọn á bàjẹ́."

Tiwalọlá ra tuntun. Rejoice ti sọ fún un pé kó jẹ́ kí oògùn wà nínú páálí tirẹ̀, kó má gbé e sí ojú fèrèsé tí oòrùn ń wọlé, kó má gbé e sí ìdí balùwẹ̀ tàbí ibi tí iná wà. Ó fi í sí àárín aṣọ nínú àpótí onígi tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ibi tó tutù jù nínú yàrá. Ọkàn rẹ̀ sinmi.

Ìsinmi náà ò tọ́jọ́. Lọ́jọ́ kan tó ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ dé, ó bá ìyá ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń sá kajú rẹpẹtẹ sínú oòrùn. Wọ́n fẹ́ yan án ní ọjọ́ kejì.  Tiwalọlá sáré wọlé lọ yẹ àpótí wò. Aṣọ wà níbẹ̀. Oògùn ò sí níbẹ̀.

Ó mọ ibi tó wà kí ó tó débẹ̀. Ó gun àpótí ìdáná, ó fa agbọ̀n Ìyá sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà, ó sì ṣí i.

Òórùn ló kọ́kọ́ lù ú nímú: irú, ẹja, àti nǹkan dídùn kan tó ti kan. Ike oògùn olómi Ayọ̀kẹ́mi ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́, oògùn náà ti ṣàn bo gbogbo ìyókù, ó ki bí oje igi. Èèrà ti há sínú rẹ̀, wọ́n sì kú síbẹ̀. Àwọn hóró kan ti rọ̀ bí àkàṣù tí wọ́n gbàgbé sínú ewé. Aáyán kan dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ láàárín ìgbẹ́ rẹ̀. Lórí gbogbo ìdọ̀tí yìí ni páálí tuntun Ẹniolúwa wà. Èérí èéfín ti ń lẹ̀ mọ́ ọn, ara rẹ̀ sì gbóná bí ẹyin tó wà lábẹ́ adìyẹ.

Ara Tiwalọlá bù máṣọ. Ó ṣe é bí ẹni pé àwọn èèrà náà ń rìn lórí ahọ́n òun.

"Ìyàwó, kí lò ń tú lórí àjà mi bí ológbò?"

Ìyá ló dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó di igbá kajú mú.

"Oògùn Ẹni ni mò ń wá, Màámi."

"Mo bá ọ gbé e síbi tó yẹ ni. Inú àpótí aṣọ ni o fi oògùn sí! Ṣé kí eku máa fi í jẹun àárọ̀ ni?"

"Màámi, ibí yìí ló ń bà á jẹ́. Ooru àti oru ló ń pa á. Ẹ wo inú agbọ̀n yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó."

Ìyá ò wò ó. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Rejoice ni. Nọ́ọ̀sì."

"Èwo ni Rejoice? Ọmọ àná yẹn? Àjà yìí bọ́ ọkọ rẹ, ó rán an lọ ilé ìwé. Kò sí ohun tó gbé ibẹ̀ tó kú rí. Ọbalolúwa! Ọbalolúwa o! Wá gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ ń sọ!"

Ọbalolúwa dé, ó ṣì wọ aṣọ ibi iṣẹ́. Ó wo agbọ̀n, ó tètè gbé ojú kúrò. Ó wo ìyá rẹ̀. Ó wo ilẹ̀.

"Ìyá Ẹni," ó wí jẹ́jẹ́, "gbé e padà fún Màámi."

"Kí n gbé e padà?"

"Ilé ìdáná wọn ni. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ ná. Nǹkan kékeré ni."

"Wọ́n ń yan kajú lọ́la, Bàbá Ẹni!"

"A ó gbé ọmọ jìnnà."

"A gbé e jìnnà nìjọ́sí náà!"

"Mo ní kí o gbé e padà."

Tiwalọlá gbé agbọ̀n padà. Bó bá ra ọgọ́rùn-ún páálí, ibì kan náà ni gbogbo wọn yóò ti lọ sùn. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, ó tún un fọ̀. Òórùn náà ò kúrò. Nígbà tó fi máa wọ yàrá, kò mọ̀ bóyá ọwọ́ òun ló ń rùn ni tàbí ilé náà.

Ọbalolúwa tẹ̀lé e wọlé. Eruku kajú ti wọ̀ ọ́ nímú lágbàlá; ó sín, ó tún sín, omi ń dà lójú rẹ̀. Òun náà ní ẹ̀hun yìí díẹ̀, ara rẹ̀ ni ọmọ ti mú un. Ó ṣí báàgì tó máa ń gbé lọ ibi iṣẹ́, ó mú páálí kékeré kan jáde, ó fún hóró kan bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì fi omi inú ife gbé e mì.

Tiwalọlá rí hóró náà kó tó wọ ẹnu. Ó funfun bí ẹfun.

"Kí nìyẹn?"

"Ti imú mi ni."

"Mú un wá kí n wò ó."

Ó fẹ́ fi pamọ́, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti gbà á. Àwòrán ara rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti oògùn Ẹniolúwa. Orúkọ kan náà ni. Ìdajì páálí ni, wọ́n ti ya ìdajì kejì kúrò lára rẹ̀.

"Níbo lo ń gbé èyí sí?"

"Ọ́fíìsì. Inú dúrọ́ọ̀ mi."

"Kí ló dé tí o kò gbé e sórí àjà?"

Ọbalolúwa nu imú.

"O mọ̀," ni Tiwalọlá wí. Ohùn rẹ̀ ò ròkè. "O ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí."

"Ó wà lára páálí. Wọ́n ní kí á gbé e jìnnà sí ooru."

"Lọ́jọ́ tí ò ń kà á fún Màámi, kí ló dé tí o kò kà á dé ibẹ̀?"

"Wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ti gbé e gòkè. Gbogbo ènìyàn ló ń yin àjà yẹn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ojú ń tì mí."

"Ojú ń tì ọ́?" Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé ọkọ, kò pe orúkọ mọ́ ọn lórí rí. "Ọbalolúwa, ojú ọmọ rẹ ló wú."

 Ó rí i pé ìdọ̀tí inú agbọ̀n yẹn kéré sí èyí. Aáyán ò mọ ohun tó ṣe. Èèrà ò mọ̀. Ọkùnrin tó jókòó síwájú rẹ̀, tó ń nu imú, mọ̀.

"Fún mi ní ọ̀kan."

Àwọn méjèèjì yíjú. Ìyá ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni ò mọ ìgbà tó ti dé ibẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan di agbọ̀n mú, ó ti wò ó níkẹyìn. Ó fi ọwọ́ kejì gba hóró funfun lọ́wọ́ Tiwalọlá, ó mú ọ̀kan tó ti pọ́n lára ti Ẹniolúwa àtijọ́ jáde láti inú agbọ̀n, ó tẹ́ àwọn méjèèjì sórí àtẹ́lẹwọ́. Ó gbọ́ òórùn èkíní. Ó gbọ́ òórùn èkejì. Ojú rẹ̀ rún.

"Oṣù kan náà lo rà wọ́n?"

"Màámi, ẹ jókòó ná..."

"Mo bi ọ́ léèrè!"

"Ọjọ́ kan náà ni." Ohùn Ọbalolúwa fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. "Páálí kan náà ni. Mo pín in sí méjì."

 Ìyá tu itọ́ sílẹ̀ nínú yàrá ọmọ rẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí i ṣe rí.

"O mú èyí tó yè fún ara rẹ," ó wí, "o wá jẹ́ kí n máa fi ọwọ́ ara mi bọ́ ọmọ rẹ ní òkú. Lójú mi! Ọwọ́ tí mo fi wẹ ìwọ náà. Èmi ò mọ̀wé, bí o bá sọ fún mi, ṣé mo máa jẹ ọ́ ni?"

"Màámi, mi ò fẹ́ kí inú yín bàjẹ́."

"Inú mi ò bàjẹ́. Ìwọ lo rí mi lára."

Ó ju hóró méjèèjì sínú agbọ̀n. Ó yọ páálí tuntun tí Tiwalọlá rà, ó fi etí ìró nu èérí kúrò lára rẹ̀, ó sì na án sí i láìwo ojú rẹ̀.

"Ìyàwó mi, bi Rejoice bóyá ẹ̀mí ṣì wà nínú èyí. Bí kò bá sí, ra òmíràn. Kí o tì í pa. Bí mo bá tún fọwọ́ kàn án, gbá mi lọ́wọ́. Àwọn kajú yẹn, kí wọ́n kó wọn padà sóko lọ yan. Kajú kankan ò ní rí iná mọ́ nínú ọgbà yìí."

"Ẹ ṣé, Màámi," ni Tiwalọlá wí. Omi ti lé sí i lójú.

Ìyá ká òṣùká, ó gbé agbọ̀n náà lé orí. Oògùn ikọ́ tó ti kan bẹ̀rẹ̀ sí í kán sí èjìká rẹ̀, kò nù ún. Ó gba àárín àgbàlá, ó ń lọ sójú ọ̀nà. Oòrùn ọ̀sán mú, àwọn ènìyàn sì jókòó sí ìta ilé wọn káàkiri.

Ọbalolúwa sáré bọ́ síta, ẹsẹ̀ lásán ni.

"Màámi, níbo lẹ̀ ń gbé e lọ?"

"Ilé Ayọ̀kẹ́mi ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹni tó fi oògùn sọ́dọ̀ mi gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí i. Bí wọ́n bá rí i tán, n ó kó o fún nọ́ọ̀sì yẹn kó bá mi sọ ọ́ nù."

"Ẹ jẹ́ kílẹ̀ ṣú ná! Màámi! Wọn á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbogbo Kábà. Àjà yín tí wọ́n ń yìn! Màámi, ẹ gbọ́ mi, ẹ padà!"

Obìnrin kan láti òdìkejì ọ̀nà kí i pé okun o, Ìyá Ọbalolúwa, kí lẹ gbé. Ìyá dá a lóhùn pé ìdọ̀tí ni, kó máa bọ̀ wá wo tirẹ̀. Ó yà sí ọ̀nà ilé Ayọ̀kẹ́mi. Ọmọ rẹ̀ ṣì ń pè é lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọrùn arúgbó náà dúró gbọnyin lábẹ́ agbọ̀n, kò sì wẹ̀yìn.